Iyè Ìyá ló ń rá, kì í ṣe ẹyẹ ló ń fò: àlàyé lórí ọpọlọ àgbàlagbà àti ìtọ́jú jíìnì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kì í kọ gbèsè sínú ìwé kankan. Oníbàárà tó gba aṣọ láwìn láti Èkó, èyí tó wá láti Ìjẹ̀bú, èyí tó san ìdajì tó ní òun ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi kọ́bọ̀ kan rẹ́ ẹ jẹ. Ṣéńjì ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó á fún oníbàárà ní ṣéńjì, kò ní pẹ́, á tún kó òmíràn fún un. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, tó ń ní kí wọ́n bu oúnjẹ rẹ̀ pamọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Lafẹ́nwá, ìró kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti pé lé e lórí, wọ́n ń bi í pé níbo ló ń fò lọ tí ilẹ̀ fi mọ́ bá a. Obìnrin alágbo kan tó dá a mọ̀ ló fara rẹ̀ bò ó, tó ń pariwo pé, "Ìyá aládìrẹ Ìtòkú rèé o! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Kì í ṣe gbogbo ìyá ló máa ń ní alágbo nítòsí.

Ohun tó ń ṣe Ìyá Àgbà ní orúkọ: dìmẹ́ńṣíà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti rí ojú rẹ̀ nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn onímọ̀ sì ti ń gbìyànjú báyìí láti fi jíìnì tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí, tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá wà lára ohun tó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ ńlá kan lórí àìsàn yìí. Síbẹ̀, ní ìlú tiwa, àwọn tó ń sọ òkúta ni ìyá wa ń bá pàdé kó tó rí dókítà.

Ṣíṣarán yàtọ̀ sí àgbà

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Tí àánú bá ń ṣe wá, a ó ní ìyá ń ṣarán. Tí kò bá ṣe wá, a ó ní àjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kìíní mú un bí ohun tí ọjọ́ orí ń gbé wá, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ká. Èkejì mú un bí ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí èyí tó darí ẹsẹ̀ wa sí ọsibítù nínú méjèèjì.

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá dàgbà yóò máa gbàgbé. Bàbá ẹni ọdún 70 tó wá kọ́kọ́rọ́ títí tó fi rí i nínú àpò ara rẹ̀, tó gbàgbé orúkọ ọmọ aládùúgbò, tó wá rántí rẹ̀ lálẹ́, kò ṣàìsàn. Ọpọlọ rẹ̀ ń rọra rìn ni, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rọra rìn. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni tó ti ń ro làfún láti kékeré kò ti mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wọnú ìkòkò mọ́, níbi tí ẹni tó ti gbé Àdìgbẹ̀ láti ogún ọdún ti ṣìnà ní Àdìgbẹ̀, níbi tí èèyàn jẹ́jẹ́ ti ń fẹ̀sùn olè kan ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Àwọn dókítà ń pe ìdìpọ̀ àìsàn bẹ́ẹ̀ ní dìmẹ́ńṣíà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tó ní in láyé sí mílíọ̀nù 57 ní ọdún 2021, ó sì ju ìdá 60 nínú 100 wọn lọ tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, bí ilẹ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àrùn Alzheimer, tó ń kó tó ìdá 60 sí 70 nínú 100. Èyí tí òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí tàbí tó bẹ́ nínú ọpọlọ ń fà ló tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ní méjèèjì pọ̀.

Àwọn ọmọ máa ń ṣàròyé pé, "Màmá rántí ìgbà ogun Bìáfúrà dáadáa, báwo ni wọn ò ṣe ní rántí pé àwọn ti jẹun láàárọ̀? Wọ́n ń díbọ́n ni." Wọn ò díbọ́n. Ibi kékeré kan wà nínú ọpọlọ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí ìrántí tuntun ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni àrùn Alzheimer sábà máa ń kọ́kọ́ kọlù. Ohun tó ti wọlé láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tàn ká inú ilé, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Oúnjẹ òwúrọ̀ yìí ni kò rí ẹnu ọ̀nà gbà.

Ohun tí Alzheimer rí

Ní ọdún 1901, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 51 kan, Auguste Deter, wá sí ọsibítù ní ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ó ń gbàgbé, ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán. Ó sọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Alois Alzheimer, pé òun ti sọ ara òun nù. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ṣàpèjúwe àìsàn náà tó báyìí. Nígbà tó kú ní 1906, Alzheimer gé ọpọlọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì rí ohun méjì. Ìdọ̀tí kan dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, bí ẹ̀rẹ̀ tó gbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò aró. Nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, àwọn fọ́nrán lọ́ mọ́ ara wọn, bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid ló wà nínú ìdọ̀tí náà, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ tau ló sì lọ́ pọ̀ di kókó.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àgbàlagbà ni ó máa ń bá jù? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ohun tí ọpọlọ jẹ́. Kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ tó ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Awọ ara máa ń bọ́, tuntun á yọ. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbó, tuntun á dé. Ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í rí arọ́pò. Èyí tí ìyá yín ní nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ náà ló fi ń dá yín mọ̀ lónìí ní ẹni ọdún 80. Ohun tó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọgọ́rin ọdún láìsí ààyè láti pààrọ̀ rẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbó. Ohun tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára ń rẹ̀, DNA inú rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tí a jogún, ń ya díẹ̀díẹ̀, atúnṣe kò sì yá bíi ti ìgbà èwe mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣàì ní pàǹtí. Ẹni tó bá mọ gọ́tà tó dí ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò òwúrọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: kì í ṣe ọjọ́ tí omi ya wọlé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ tí pàǹtí ti ń kóra jọ. Amyloid náà ti máa ń kóra jọ fún bí ọdún 15 sí 20 kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé iyè ń rá. Ọpọlọ ní agbálẹ̀ tirẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń rìn káàkiri tó ń gbé pàǹtí mì. Lọ́jọ́ ogbó, àwọn agbálẹ̀ yìí máa ń bínú sódì. Wọn á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ba sẹ́ẹ̀lì tó yè jẹ́. Ọ̀pọ̀ jíìnì tí wọ́n ti rí tó ń fi kún ewu Alzheimer jẹ́ jíìnì tí àwọn agbálẹ̀ yìí ń lò. Èyí ló jẹ́ kí ojú àwọn olùwádìí yí kúrò lára ìdọ̀tí nìkan.

Àwọn òògùn tí wọ́n ń fi fa amyloid jáde ti wà. Lecanemab gba àṣẹ kíkún ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 2023, donanemab tẹ̀ lé e ní oṣù Keje 2024. Lecanemab dín bí àìsàn ṣe ń sáré kù ní ìdá 27 nínú 100 láàárín oṣù 18. Ó dín eré rẹ̀ kù, kò dá a dúró. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà á, owó rẹ̀ jẹ́ 26,500 dọ́là lọ́dún kan. Ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí lemọ́lemọ́. Nínú àwọn bí 1,800 tí wọ́n fi dán an wò, àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá 5 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró sọ́kàn yín.

Ohun tí wọ́n rí ní Ìdíkàn

Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í bi ní jẹnotáìpù: AA ni ọ́ ni, àbí AS? Torí náà ọ̀rọ̀ jíìnì kò ṣàjèjì sí wa. Jíìnì ni àṣẹ tí a jogún lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó mọ purotéènì tó yẹ kó ṣe. Bí ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe lè sọ ẹ̀jẹ̀ di ti fòníkú-fọ̀ladìde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn jíìnì kan ṣe ń ti ọpọlọ sí ìṣarán.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni APOE. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: e2, e3 àti e4. Gbogbo èèyàn ló ní ẹyọ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ìyàtọ̀ àárín wọn kéré púpọ̀, ibi méjì péré lára purotéènì náà ni. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà kéde pé e4 ń mú ewu Alzheimer pọ̀ sí i. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ẹni tó ní e4 kan ní ewu bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó ní méjì lè tó ìlọ́po 8 sí 12. Àwọn tó ní e2 ní ti wọn máa ń ní ààbò. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ìbàdàn ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ará Yunifásítì Indiana. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀, wọ́n ń dán iyè wọn wò, wọ́n sì ń padà lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ó ju 2,000 àgbàlagbà lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, àwọn tó ń kó dìmẹ́ńṣíà lọ́dọọdún ní Ìbàdàn jẹ́ ìdá 1.35 nínú 100. Ní Indianapolis, ó jẹ́ ìdá 3.24. Ti Alzheimer nìkan jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Èyí tó wá ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé e4 wọ́pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá náà, ṣùgbọ́n kò ṣe wọ́n bó ṣe ń ṣe àwọn aláwọ̀ funfun. Ìgbà tí wọ́n tọpa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i ni wọ́n tó rí i pé ẹni tó ní ẹyọ méjì ní ewu díẹ̀.

Kí ló fà á? Oúnjẹ lè wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kò tó ti àwọn ará Indianapolis. Ṣùgbọ́n jíìnì fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀ láti sọ. Ní 2018, ìwádìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti àwọn ará Puerto Rico fi hàn pé ibi tí e4 ti wá ṣe pàtàkì. Tí apá DNA tó yí i ká bá jẹ́ èyí tí èèyàn jogún láti Áfíríkà, ewu rẹ̀ kéré sí tí ó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Jíìnì náà ni, àdúgbò ló yàtọ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún padà kà á. Ó jọ pé nǹkan kan wà nítòsí e4 ọmọ Yorùbá tó ń gba ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí a bá mọ ohun náà, bóyá a lè fi ṣe òògùn fún gbogbo ayé.

Kò sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wa ṣàjèjì nínú yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì aráyé, àwọn Yorùbá Ìbàdàn 90 wà lára rẹ̀, àmì YRI ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ títí dòní. Ọkùnrin Yorùbá kan nínú wọn ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ gbogbo DNA rẹ̀ jáde, ní 2008. Onímọ̀ jíìnì ní Tokyo tó bá gbọ́ YRI mọ ohun tó dúró fún. Èèyàn mélòó ló mọ̀ ọ́n ní Kútọ̀?

Bí wọ́n ṣe ń fi jíìnì tọ́jú

Obìnrin kan wà ní Colombia, láti inú ìdílé tó tó bí 6,000 èèyàn, níbi tí jíìnì kan ti ń mú kí àwọn tó jogún rẹ̀ máa ṣarán ní nǹkan bí ọdún 44. Òun náà jogún rẹ̀. Amyloid kún ọpọlọ rẹ̀ fọ́fọ́. Síbẹ̀ iyè rẹ̀ dúró ṣinṣin títí ó fi lé ní 70. Ní 2019 wọ́n ṣàlàyé ìdí: ó tún ní ìyípadà mìíràn tó ṣọ̀wọ́n lára APOE rẹ̀ méjèèjì, èyí sì dáàbò bò ó. Irú ẹni báyìí ló ń fún àwọn olùwádìí ní ìgboyà láti bèèrè pé, tí jíìnì bá lè ṣọ́ ọpọlọ ẹnì kan, ṣé a ò lè gbé irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ohun tí wọ́n ń fi gbé e ni fáírọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń jẹ́ AAV. Ó ti tó 1965 tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò sì sí àìsàn kan tí wọ́n rí pé ó ń fà. Wọ́n á kó ohun inú rẹ̀ dà nù, wọ́n á fi jíìnì tó wúlò rọ́pò rẹ̀. Márúwá ni AAV, kì í ṣe tírélà. Ẹrù rẹ̀ kò lè ju bí 4,700 lẹ́tà DNA lọ. APOE kò tó 1,000 lẹ́tà, ó wọlé dáadáa. Jíìnì àrùn Huntington, àìsàn àjogúnbá tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ju 9,000 lọ, kò lè wọlé, nítorí náà àwọn tó ń tọ́jú Huntington kò gbé jíìnì tuntun wá, àṣẹ kékeré tó ń pa ẹnu jíìnì burúkú mọ́ ni wọ́n fi rán an.

Ọ̀nà náà le. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, bí àpáta Olúmọ ṣe dáàbò bo àwọn baba ńlá wa, ó ń dáàbò bo ọpọlọ lọ́wọ́ májèlé, ṣùgbọ́n ó ń ti òògùn mọ́ta pẹ̀lú. Nítorí náà wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ sínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, tàbí kí wọ́n lu agbárí kí wọ́n sì dà á sínú ọpọlọ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kó AAV rí láìmọ̀, àwọn ọmọ ogun ara wọn á ti máa dúró dè é lójú ọ̀nà.

Wọ́n ti kùnà rí, ìkùnà náà sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní 2001, Mark Tuszynski ní San Diego bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jíìnì NGF, tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, fún àwọn tó ní Alzheimer. Nígbà tó yá wọ́n fi AAV gbé e fún àwọn kan nínú àwọn aláìsàn 49, wọ́n fi wé àwọn tí kò gbà á, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò ni wọ́n rí i pé òògùn náà kò dé ibi tó ń lọ. Ilé tí wọ́n rán an sí kọ́ ló yà sí. Wọ́n ti wá ń fi MRI ṣọ́ ọ bó ṣe ń wọlé báyìí, jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ BDNF ni wọ́n sì ń gbìyànjú.

Ìgbìyànjú mìíràn ló kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ tí Ronald Crystal bẹ̀rẹ̀ ní Weill Cornell ní New York, tí ilé-iṣẹ́ Lexeo gbé lọ síwájú, ń gbé jíìnì e2 lọ sínú ọpọlọ àwọn tó ní e4 méjì, kí èyí tó ń ṣọ́ni lè borí èyí tó ń bani jẹ́. Èèyàn 15 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2024 fi hàn pé purotéènì e2 yọ lára omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Bóyá yóò dá iyè wọn dúró, èèyàn 15 kò lè sọ ìyẹn. Ìbéèrè tèmi rèé: ìtọ́jú yìí dúró lórí pé e4 ni ọ̀tá. Tí e4 ọmọ Ìdíkàn kò bá ń jà bíi ti àwọn ará New York, ṣé òògùn náà yóò ṣiṣẹ́ bákan náà fún wa? Ẹnì kan kò lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé a wà lára àwọn tí wọ́n ń fi dán an wò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ìwádìí jíìnì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó.

Ìrètí wà lóòótọ́. Yúróòpù fọwọ́ sí ìtọ́jú jíìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń dà sínú ọpọlọ tààrà ní oṣù Keje 2022, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2024. Fún àwọn ọmọdé tó ní AADC ni, àìsàn àjogúnbá tó ṣọ̀wọ́n tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè darí ara wọn. Ọmọ tí kò lè gbé orí sókè bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé-iṣẹ́ uniQure kéde pé nínú àwọn 12 tó gba ìwọ̀n òògùn tó pọ̀ fún Huntington, àìsàn náà falẹ̀ ní ìdá 75 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́ta, nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ àwọn tí kò gbà á. Àwọn 12 kò pọ̀, ìfiwéra náà kò sì lágbára tó èyí tí wọ́n bá ṣe lójú kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí Huntington ń fi ojú ìdílé rí kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ewu náà wà. Ní 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 18, Jesse Gelsinger, kú ní Pennsylvania lẹ́yìn ìtọ́jú jíìnì tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì mìíràn gbé wọnú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Òògùn téèyàn gbé mì, ó lè dá a dúró lọ́la. Jíìnì tó ti wọlé kò ṣe é pè padà. Ẹ wá wo owó: Zolgensma, tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn iṣan àwọn ọmọ ọwọ́, jẹ́ mílíọ̀nù 2.1 dọ́là nígbà tó jáde ní 2019. Casgevy, ti fòníkú-fọ̀ladìde, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 2023, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Nàìjíríà ló ní ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde jù láyé. Inú ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá fi owó yẹn wé owó oṣù nọ́ọ̀sì.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ti fọwọ́ sí ìtọ́jú jíìnì fún Alzheimer. Ẹni tó bá gbé e wá bá yín ní Pánsẹ́kẹ́ tàbí lórí WhatsApp, owó yín ló ń wá.

Kò dìgbà téèyàn bá já aṣọ kó tó dé Arò

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ Arò wà, tí wọ́n bá ní "ẹ gbé e lọ Arò," èébú ni. Ó yẹ kó jẹ́ ìyangàn. Ọmọ ìlú yìí ni Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, tí wọ́n bí ní 1923, tó kàwé ní Baptist Boys' High School kó tó lọ sí Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó gba ilé fún wọn láàárín àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí kan tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn láàárín èèyàn lálẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Láti gbogbo ayé ni wọ́n ti wá wò ó, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹni tó ń ṣarán nílò irú ohun tí Lámbò rí nígbà náà: ojú tó mọ̀, ohùn tó mọ̀, àti ẹni tí yóò bá a gbé.

Bí ẹ bá rí i pé iyè àgbàlagbà yín ń rá, Arò wà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà náà wà. Ẹ tètè lọ, torí kì í ṣe gbogbo ìṣarán ni kò lóògùn. Èyí tó bá dé lójijì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ibà tàbí àrùn ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lè wà nídìí rẹ̀. Àìtó fítámìn B12, ẹ̀yà ara ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́ra, ìrònú tó wọnú lẹ́yìn ikú ọkọ, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí abẹ́ agbárí lẹ́yìn ìṣubú: gbogbo wọn lè jọ ìṣarán, wọ́n sì ṣe é wò. Ẹ kó gbogbo òògùn tó ń lò dání, títí kan èyí tó rà fúnra rẹ̀. Piriton tí a ń lò fún ara yíyún àti òògùn oorun lè da orí àgbàlagbà rú.

Fún àwa tí iyè wa ṣì pé, ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kọ ọ́ ní 2024 pé ohun 14 tó ṣe é yí padà ló wà nídìí bí ìdá 45 nínú 100 gbogbo dìmẹ́ńṣíà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀. Etí tó ń di, ojú tó ń fọ́, sìgá, ọtí àmujù, àìríni bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Orí tó fara gbá wà níbẹ̀, ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà láìdé akoto. Kò sí èyí tó nílò mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ilé ìtajà òògùn Ọ̀bántokò.

Ti Ìyá Àgbà, dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú ti ba àwọn òpó kéékèèké nínú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí Alzheimer náà wà níbẹ̀. Wọ́n fún un ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n yọ òògùn oorun tí ẹnì kan ń rà fún un. Kò padà bí ó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ìbẹ̀rù rẹ̀ dín kù. A rán orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù sí etí gbogbo ìró rẹ̀. A fi aago kékeré kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Apá ọpọlọ tó ń pa iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ìko àti aṣọ funfun síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò rántí orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mú aṣọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó so ó ní kókó kéékèèké, ìkan tẹ̀ lé ìkan, bí wọ́n ṣe ń so oníko. Ó so ó títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí a sì rẹ aṣọ náà sínú aró tí a tú u, gbogbo òṣùpá orí rẹ̀ ló pé.